Bátìrì Tí A Fi Sátidé Mẹ́fà Tò

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi wa ọkọ̀ ojú irin. Láti Èkó dé òkè Ọya, ó ní òun kò pa nǹkan kan rí àfi ewúrẹ́ kan lẹ́bàá Ọ̀fà, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó di àṣà rẹ̀ láti máa fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ láti ilé wa ní Yábàá lọ sí Ọ̀yìngbò, kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kó máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, ọjọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá tètè dé, ọjọ́ náà tún bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọkọ̀ tó bá dé ṣáájú àkókò," ni yóò wí, "ẹnì kan ti purọ́ níbì kan."

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n. Dókítà ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, kó má lọ ọ̀nà jíjìn mọ́. Màámi ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn, àwọn àbúrò mi ti tú ká, èmi nìkan ni mo wà nítòsí. Mo máa ń bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dẹ etí sí ọ̀nà Ọ̀yìngbò, tó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti òkèèrè. Kò ráhùn rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí pé bàbá mi kì í dákẹ́ lórí ohunkóhun. Ó lè fi wákàtí kan ṣàròyé nípa iyọ̀.

Iṣẹ́ títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe ní Surulere. Mo ti lé ní ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ náà, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ṣì ń wọlé, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe dà?" Nítorí náà mo ní ìgbéraga díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo wò ó pé bí mo bá lè jí fóònù tó ti mu omi dìde, mo lè gbé bàbá mi dé Ọ̀yìngbò. Mo wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan rí ní Mushin, irú èyí tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn. Wẹ́lídà bá mi tún irin rẹ̀ ṣe, ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Mo ra táyà tó ní ẹ́ńjìnì oníná ní àárín rẹ̀. Mo wá di bátìrì ọkọ̀ mẹ́rin mọ́ abẹ́ ìjókòó.

Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wúwo ju bàbá mi lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kérora, ó wọ́ dé ẹnu géètì aládùúgbò wa, ó sì dúró. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dì mí lápá mú, ó ní, "O ṣeun gan-an ni. Ìgbìyànjú rẹ pọ̀." Ó dúpẹ́ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Èébú ì bá dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ.

Mo mọ ohun tó kù. Lítíọ́mù ni, irú bátìrì tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n bí a bá to bí àádọ́ta pọ̀, wọ́n lè gbé àgbàlagbà odindi. Mo tú gbogbo kọ̀ǹpútà tó ti kú ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo kó sẹ́ẹ̀lì inú wọn sínú ọ̀rá dúdú. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni mi ò ní. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fẹ́ ooru áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń fi iná ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn lórí. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Pápá Àjàó tó ń to bátìrì fún àwọn tó ń lo iná oòrùn, pé ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọ̀rá mi, mo lọ.

Obìnrin náà ti súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó fi okùn so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó ká híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo: kò sí òrùka, kò sí ẹ̀gbà, kò sí aago. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pé ÌKÁNJÚ KÒ SÍ NÍBÍ.

"Ẹ káàsán, Àǹtí," ni mo wí. "Mo fẹ́ yá ẹ̀rọ yín fún wákàtí méjì péré."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ṣí ọ̀rá náà. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbé gíláàsì sójú, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ta lo fẹ́ pa?"

"Àǹtí, bàbá mi ni mo fẹ́ ṣe é fún."

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó fi igi pẹlẹbẹ méjì mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí táìlì. "Èyí ti wú. Èyí ti ń jò. Èyí, wọ́n ti fi nǹkan họ ara rẹ̀. Èyí ti dàgbà, kó lọ sinmi." Ó bi mí pé bí ènìyàn mẹ́rin bá gbé àpótí kan, tí ara ọ̀kan nínú wọn kò yá, mélòó ló máa ṣubú. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó ní, "Ó dáa. O ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà." Ó ní kí n lọ ra sẹ́ẹ̀lì tuntun, kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà, láti inú páálí kan náà, kí n rà tó ọgọ́ta bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjìléláàádọ́ta ni a ó lò. Ó ní òun kò ní yá mi ní ẹ̀rọ. "Èmi fúnra mi ni mo máa wá ní Sátidé. Mo fẹ́ rí ilé náà, mo sì fẹ́ rí bàbá náà. N kì í to bátìrì fún ẹni tí mi ò rí."

Báyìí ni Sátidé àkọ́kọ́ ṣe dé. Bàbá mi ti gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ iná, ó sì ti múra ìjà. Ó ní òun ti wa ẹ́ńjìnì tó tóbi ju ilé yìí lọ, òun kò sì ní jókòó lé ohun tó ń gbiná nínú ìròyìn. Àǹtí wọlé, ó kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ó sì kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí bàbá mi tó ráyè ja ìjà kankan. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní a ò gbọdọ̀ fi iná sí bátìrì níbẹ̀, nítorí pé ọ̀nà àbájáde nìyẹn. Ó wo yàrá, ó mi orí. Ó wo abẹ́ bàrandà lẹ́yìnkùlé, níbi tí a ti da kọnkéré sí, tí ẹ̀fúùfù ń gbà kọjá, tí kò sí kọ́tìnnì tàbí bẹ́ẹ̀dì nítòsí. Ó ní ibẹ̀ ni. Ó ní kí n wá bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kún fún yanrìn gbígbẹ.

"Yanrìn kẹ̀?" ni bàbá mi wí. "Nínú ilé mi?"

"Bàbá, nígbà tí ẹ ń wa ọkọ̀ ojú irin, ṣé ẹ lè gbéra kí ẹ tó rí àsíá?"

Bàbá mi wò ó. "Ẹni tó bá gbéra láìrí àsíá, wọ́n máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni."

"Èmi náà ní àsíá tèmi. Yanrìn ni àkọ́kọ́."

Mo rí ojú bàbá mi tó yí padà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a sọ èdè yẹn. Ó ní kí n lọ mú ìwé àjákọ kan wá, ó kọ ÒFIN sí orí rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó yá. Ẹ máa wí." Àǹtí bi í bó ṣe wúwo tó, ibi tó fẹ́ máa lọ, bóyá òkè wà lójú ọ̀nà, bóyá ọ̀nà máa ń kún fún omi nígbà òjò. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó kàwé mọ́jú. Kí àkókò oúnjẹ ọ̀sán tó tó, òfin ti di mẹ́sàn-án.

Ní Sátidé kejì, a kó sẹ́ẹ̀lì tuntun jáde, a fi mítà wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń pe nọ́ńbà, bàbá mi ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí ní kí gbogbo wa bọ́ ohunkóhun tó jẹ́ irin kúrò lọ́wọ́. Irin tó bá já lé orí àti ìdí bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, iná á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì pọ́n bí ẹyin iná. Bí òrùka ni, á jó ìka mọ́ inú. Mo bọ́ tèmi. Bàbá mi bọ́ aago rẹ̀. Ó ku òrùka ìgbéyàwó rẹ̀.

"Èyí kì í kúrò," ló wí.

Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ẹ jókòó lọ́hùn-ún kí ẹ máa kọ nọ́ńbà. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi kọ nọ́ńbà bí ogún. Mo rí i tó ń na ọrùn wo ohun tí a ń ṣe. Ó dìde, ó wọlé, mo gbọ́ omi tó ń dà. Nígbà tó jáde, ọṣẹ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì na òrùka náà sí mi. "Bá mi fi sínú àpótí ìyá rẹ," ló wí. Mo gbà á, mo lọ fi sí ibẹ̀, mo dúró díẹ̀ nínú yàrá títí ojú mi fi gbẹ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti mú mítà lọ́wọ́, Àǹtí ń tọ́ ọ sọ́nà. Bàbá mi bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ti wọ òrùka rí?" Àǹtí ní ọkọ òun ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ọmọ òun sì ti lọ sí ilé wọn ní Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sórí nọ́ńbà.

Ó ní ká fi àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó tún wọ̀n wọ́n, nítorí pé ẹni tó bá ń jalè, ó máa ń fara hàn bí a bá fi sílẹ̀ lóun nìkan. Ní Sátidé kẹta, òótọ́ ni, mẹ́ta nínú wọn ti sọ agbára nù láìṣe nǹkan kan. A yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rántí jù lọ ní ọjọ́ náà kì í ṣe ìyẹn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún Àǹtí ní àárọ̀, òórùn kan gbà mí nímú láti ẹ̀yìn mi. Mo yí padà. Bàbá mi ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún un ní Kérésìmesì tó sọ pé ó ń tàn jù, ó sì ti da lọ́fíńdà sára bí ẹni tó ń bu omi rin ọgbà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí wí.

Mo dúró sójú kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ni. Báyìí, wọ́n ti di Ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin já ogún ọdún bọ́ lára láàárín òru, ó sì jókòó sórí àga bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Mo ní láti sá lọ sí ilé ìdáná kí n lè fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu mi.

Ọjọ́ náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n. A to wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀wọ́ mẹ́tàlá, a fi páálí líle tí kì í jẹ́ kí iná kọjá bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi ẹ̀rọ Àǹtí lẹ irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà ń ké tíẹ́, tíẹ́. Bàbá mi ló ń kà á. Àǹtí á di irin náà mú, á fà á wò bóyá ó lẹ̀, á mi orí pé ó dáa, bàbá mi á ní, "Ẹ lọ," bí ẹni ń ju àsíá. Gbogbo súpánà tó wà nílẹ̀ ni a ti fi téèpù wé dé ọrùn.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ ní Sátidé kẹrin.

Mo ní láti sọ bí inú mi ṣe rí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín ní àárọ̀ náà, ẹ̀rín gidi, nígbà tí Àǹtí sọ pé àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń sin gbèsè ló kọ́ iná bí wọ́n ṣe ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Orí mi fúyẹ́. Mò ń kọrin lábẹ́ ètè. Òfin kẹrin sọ pé orí tábìlì mìíràn ni a ti gbọdọ̀ gé irin, pé a kò gbọdọ̀ gé e lókè bátìrì láéláé. Mo mọ òfin náà, èmi ni mo kà á jáde. Ṣùgbọ́n tábìlì kejì jìnnà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, sísọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gé e. Ó já bọ́.

Ó dún bí ẹni gbá ènìyàn létí. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bẹ́ sókè, irin kékeré náà sì pọ́n bí ẹyin iná lórí sẹ́ẹ̀lì. Àǹtí kò pariwo. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mú ọmọrogùn kan tí mo ti ń ṣe kàyéfì láti ọ̀sẹ̀ kìíní ìdí tó fi ń gbé e kiri, ó fi ta irin náà dànù. Lẹ́yìn náà ló fi ọmọrogùn kan náà àti táìlì gbé ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn lọ sínú yanrìn ní àárín ẹ̀yìnkùlé, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kí gbogbo wa jìnnà. Gíláàsì ńlá tó fi dandan wọ̀ wá ló gba ojú mi là. Irun ọwọ́ mi díẹ̀ ló jó.

A dúró. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Bàbá mi ṣí ìwé rẹ̀, ó wo aago ara ògiri, ó kọ àkókò.

"Ta ló fà á?"

"Èmi ni, Dádì."

"Ibo lo ti gé e?"

"Lókè bátìrì."

"Kí ló ń ṣe ọ́ nígbà náà?"

Mo ronú. "Inú mi ń dùn."

Ó tẹ̀ sórí ìwé, ó ń kọ ọ́ lọ, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà bó ti ń kọ ọ́: "Inú... rẹ̀... ń dùn... jù." Ó sì fi àmì ìdánudúró sí i.

Àǹtí kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi bọ́ lójú. Bàbá mi wò ó, ó wò mí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Àǹtí ní kí n yọ ọ̀wọ́ méjì tí irin náà já lé, sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, kí n má lo wọn fún nǹkan kan mọ́. Márùn-ún péré ló ṣẹ́kù nílẹ̀ nínú ọgọ́ta. Mo ní láti tún lọ ra páálí mìíràn, kí n sì wọ̀n ọ́ títí n óò fi rí èyí tó bá àwọn tó kù mu. Mi ò ráhùn. Láti ọjọ́ náà, bí inú mi bá dùn jù, mo máa ń gbé ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ná.

Ní Sátidé karùn-ún, Àǹtí mú pátákó ẹ̀rọ kan wá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó so wáyà tín-tín-tín láti ara rẹ̀ mọ́ ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ wọn: bí wọ́n bá yó, á ti ilẹ̀kùn, bí ebi bá fẹ́ pa wọ́n jù, á ti ilẹ̀kùn, bí ara wọn bá gbóná, á tì í.

"Ọ̀gá sitéṣọ̀n nìyẹn," ni bàbá mi wí. "Ọkọ̀ kankan ò lè kọjá láìgbọ́ tiẹ̀."

Àǹtí tún fi fíùsì ńlá sí ẹnu wáyà tó jáde, a fi fóòmù wé gbogbo rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n lójú ọ̀nà, a gbé e sínú àpótí irin tí a ti fi rọ́bà tẹ́ nínú. Kò wúwo tó ọmọ ọdún kan. Bàbá mi gbé e lọ́wọ́ kan, ó gbé e lọ́wọ́ kejì, ó tún gbé e lọ́wọ́ kan.

A fi ṣájà sí i lábẹ́ bàrandà, ní ọ̀sán gangan, nítorí òfin kẹwàá sọ pé a kò gbọdọ̀ fi iná sí i kí a sì lọ sùn tàbí kí a jáde nílé. A jókòó tì í, a ń jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Oòrùn mú, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo di ojú. Wọ́n rò pé mo ti sùn. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ń pe Àǹtí ní "ẹ" láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù ú lọ dáadáa. Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, "ẹ" ló tọ́ sí i. Mo gbọ́ tí èèpo ẹ̀pà ń fọ́. Mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ṣé kí n bó díẹ̀ fún ọ?"

Fún ọ. Kì í ṣe fún yín. Mo di ojú mọ́lẹ̀ gírígírí kó má baà ṣí fúnra rẹ̀.

"Ẹ bó o, Ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí wí. "Ẹ bó o dáadáa."

Ṣájà náà gbà wá ní wákàtí márùn-ún. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á fọwọ́ kan àpótí náà, á fi mítà wò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí fólítì wọ mẹ́rìnléláàádọ́ta àti díẹ̀, iná pupa ṣájà di àwọ̀ ewé, gbogbo ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sì dọ́gba. Bàbá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ó sì padà jókòó bí ẹni iyì.

Sátidé kẹfà ni a dì í mọ́ kẹ̀kẹ́. A kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà sórí búlọ́ọ̀kù kí táyà má kan ilẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́. Táyà náà yí, ó ń kùn bí oyin, ó dùn ún wò, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń yí sí.

"Kò burú," ni bàbá mi wí. "Ọkọ̀ ojú irin náà ń lọ sẹ́yìn."

Àǹtí ní kí a pa á, kí a yọ bátìrì, kó tó pààrọ̀ ipò wáyà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yí síwájú. A gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi de àṣíborí mọ́rí, ó so okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òfin kejìlá sọ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìparí òpópónà wa ni kó lọ, kó sì padà. Ó gbéra. Kò sí ìkérora kankan. Ó lọ bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, àwọn aládùúgbò ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ó dé ìparí òpópónà, ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọwọ́ sókè sí wa. Lẹ́yìn náà ló yà sí ojú títì.

"Dádì," ni mo wí, bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi.

Mo sáré pẹ̀lú sílípáàsì. Àǹtí kò sáré. Ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, ó fà mí wọ̀ ọ́, ó ní kí awakọ̀ rẹ̀ máa tẹ̀lé bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé. Awakọ̀ náà wo iwájú, ó wo àwa méjèèjì.

"Kí ni bàbá yẹn jí?"

"Kò tíì jí i tán," ni Àǹtí wí.

A bá a ní Ọ̀yìngbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ní ibi tó ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Ó ti ti bíréèkì, ó ti pa súwíìṣì, ó jókòó tòun ti àṣíborí lórí, ó ń wo aago ọwọ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu láti Yábàá, gbogbo ohun tí ìyá máa ń sọ fún ọmọ tó sọnù lọ́jà. Kí n tó ya ẹnu, ọkọ̀ ojú irin yọ. Ó fun fèrè gígùn kan bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣòwò. Mo mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ni awakọ̀ náà ń fun fèrè sí. Ṣùgbọ́n bàbá mi na ọwọ́ ọ̀tún sókè gbọọrọ, ó sì dá a lóhùn.

"Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́," ló sọ fún mi. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí dé eyín ẹ̀yìn.

"Dádì, òfin kejìlá ní ìparí òpópónà ni."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́."

Àǹtí tẹ̀ ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí bátìrì. Ó fi síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. "Kò gbóná rárá," ló wí.

Bàbá mi wẹ̀yìn wo àyè ẹrù, níbi tí mo ti tẹ́ tìmùtìmù kan sí nítorí pé ó ń dún. "Ibẹ̀ yẹn," ló wí, "ṣé ó lè gbé ènìyàn?"

"Ènìyàn méjì ni mo fi ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Àǹtí dáhùn. Ó ká híjáàbù rẹ̀ sábẹ́ apá, ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan di ìjókòó bàbá mi mú. Wọ́n lọ. Bàbá mi kò wo ẹ̀yìn.

Wọ́n gbàgbé mi sí Ọ̀yìngbò. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé, mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan tó gbé àgbọ̀n fi yà fún mi lọ́nà.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Surulere. Ó jókòó. Ó bèèrè nípa ojú ọjọ́. Ó gbé fóònù oníbàárà kan, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá kan wà."

"Dádì, mo mọ̀ ọ́n."

"Mo fẹ́ sọ fún ọ kí o má baà gbọ́ níta."

"Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni ẹ rò pé ará ìta kò tíì gbọ́."

Ó fa àga súnmọ́ mi, ó bi mí, bí ọmọdé ṣe ń bèèrè, bóyá inú mi máa dùn sí i. Mo gbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ Àǹtí wá láti Ìjẹ̀bú, àwọn àbúrò mi wá, ìmáàmù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, kò sí èyí tó pẹ́ nínú wọn. Wọ́n ń gbé ní Yábàá báyìí. Wọ́n máa ń lọ sí Costain ní ìrọ̀lẹ́ láti lọ wo ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á máa jiyàn lórí ọ̀nà tó yá jù. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé náà ti wà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n mo ń kan ilẹ̀kùn báyìí, mo sì ń dúró kí wọ́n dáhùn kí n tó wọlé.